Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Ìgò Tó Ń Lọ, Tó Sì Ń Bọ̀

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a sọ ọ́ ní ojú ìwé yìí pé àwọn tó ń ṣe oúnjẹ àti ohun mímu fún títà lè fi ìgò gíláàsì tí a ń gbà padà, tí a ń fọ̀, tí a sì ń rọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan sí i rọ́pò ike tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a ń jù nù. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti ń wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọjà, inú mi sì dùn sí i, nítorí àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Yọ́gọ́ọ̀tì àti sóbò ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, mo sì ń kó wọn fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù bíi ogún ní agbègbè wa. Ike ni mo ń lò. Mo fẹ́ yí i sí ìgò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè iye tí wọ́n ń ta ìgò, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má dán an wò, pé ìgò tí mo bá kó jáde kò ní í padà wálé mọ́. Ṣé òótọ́ ló sọ? (Ìyá oníyọ́gọ́ọ̀tì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Ibi tí ọmọ yín fi ọwọ́ bà gan-an ni ojú egbò, ẹ má sì bínú sí i. Ìgò tí a rà lówó gọbọi, tó jáde lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì padà, burú ju ike lọ, ní ti owó àti ní ti ayé tí a ń gbé. Iyanrìn, sódà áàṣì àti òkúta ẹfun ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ nínú iná ìléru tó gbóná tó nǹkan bí 1,500°C kí gíláàsì tó jáde, wọn kì í sì í pa iná náà tọ̀sán-tòru. Ẹni tó lo gbogbo iná yẹn nítorí sóbò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ṣe ara rẹ̀ lóore, kò sì ṣe ẹlòmíràn lóore. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ìgò, ọ̀nà tí ìgò yóò gbà padà wálé ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí wa. Ọdún 1946 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1949. Ní 1953, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó bákan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ ra kírétì ọtí tàbí mínírà kan ní láti gbé kírétì òfìfo ìgò kan kalẹ̀, bí kò bá sì ní, yóò san owó ìgò àti owó kírétì mọ́ owó ọjà. Mo rántí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkángun àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré: bí wọ́n bá rán wa ní mínírà mẹ́ta, òfìfo ìgò mẹ́ta la ó gbé dání. Màmá tó ń tajà yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ wa, yóò fi àtàǹpàkò yí ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ti ṣẹ́, yóò tò wọ́n sínú kírétì, ìgbà yẹn ni yóò tó na ọwọ́ sínú fìríìjì. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa àyíká nígbà náà. Owó tó wà lórí ìgò ló ń mú un padà, nítorí kò sí òbí tó fẹ́ kí owó rẹ̀ jókòó sórí pèpéle ẹlòmíràn. Ike ló wá lé ètò yìí kúrò ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù mínírà, ó sì dùn mí títí di òní pé a jọ̀wọ́ rẹ̀ láìjiyàn.

Owó tí oníbàárà fi sílẹ̀ lórí ìgò, tí yóò gbà padà bó bá dá ìgò náà padà, ni mo ń pè ní owó ìdógò nínú ìdáhùn yìí. Ní Jámánì, níbi tí ètò náà ti fìdí múlẹ̀ jù lọ, owó ìdógò orí ìgò bíà gíláàsì jẹ́ sẹ́ǹtì 8 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti ìgò omi àti ti ìgò yọ́gọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu gbàgàdà jẹ́ sẹ́ǹtì 15, ike àlòjùnù sì jẹ́ sẹ́ǹtì 25, kí ẹni tó rà á lè mọ̀ ọ́n lára. Kírétì fúnra rẹ̀ ní owó tirẹ̀, yúrò 1.50, tó fi jẹ́ pé kírétì bíà onígò 20 gbé yúrò 3.10 lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò jù nínú ètò wọn ni ohun tí àwọn olómi ibẹ̀ ṣe ní 1969. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé ìgò kan náà ni gbogbo àwọn yóò máa lò, èyí tó gba ìdá 7 nínú ìdá 10 lítà, tí Günter Kupetz ya àwòrán rẹ̀, tí ó ní àwọn kókó wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára. Níwọ̀n bí ìgò náà ti jẹ́ ti gbogbo wọn, ìgò tí wọ́n mu tán ní ìlú kan kò nílò láti rin ìrìn àjò padà sí ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rọ omi sí i. Èyí tó bá wà nítòsí ni yóò fọ̀ ọ́, tí yóò sì lò ó. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ tó nǹkan bí àádọ́ta ìgbà kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin àti àwọn oníyọ́gọ́ọ̀tì mìíràn tí ẹ jọ wà ní Ìbàdàn lè jókòó kí ẹ sì yan ìgò kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ó ṣòro kí àwọn tó ń bára wọn du oníbàárà jọ pawọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tó lè dín ìnáwó yín kù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. Ká ní ìgò kan jẹ́ ₦500. Mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni, iye tí wọ́n pè fún yín ni kí ẹ fi sí i. Bí 9 bá ń padà nínú ìgò 10 tó jáde, ìgò kọ̀ọ̀kan yóò ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ìpíndọ́gba kó tó sọnù tàbí kó fọ́, owó ìgò tó wọ inú ọjà kan yóò sì jẹ́ ₦50. Bí 8 ló ń padà, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni yóò ṣiṣẹ́, owó náà yóò di ₦100. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ló ń padà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni, owó náà á sì di ₦250. Ṣùgbọ́n bí 19 bá ń padà nínú 20, ogún ìgbà ni, ₦25 sì ni. Ẹ wá fi owó omi, gáàsì, ọṣẹ, ìdérí tuntun, owó ẹni tó ń fọ̀ ọ́ àti owó ọkọ̀ kún un, kí ẹ sì fi wé iye tí ẹ ń ra ike kan. Ẹ ó rí i pé iye ìgò tó ń padà ló ń sọ bóyá ẹ ó jèrè tàbí ẹ ó jẹ gbèsè, ju iye tí wọ́n ta ìgò lọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn títí ó fi dé bá wọn. Bí ẹ bá ń ta 100 ìgò lójúmọ́, tí ìgò kan sì ń lo ọjọ́ 14 níta kó tó padà, tí ó tún lo ọjọ́ kan fún fífọ̀, ẹ nílò ìgò 1,500 kí iṣẹ́ tó lè máa lọ láìdúró, kì í ṣe 100. Bí ẹ bá lè mú kí ó padà láàárín ọjọ́ 7, 800 yóò tó. Nítorí náà, kí ẹ má tètè sáré lọ ra ìgò púpọ̀ sí i bí ìgò bá wọ́n lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìgò ń sùn sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó bá a ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tí eruku ti bò ó, nítorí oníṣọ́ọ̀bù kò rí ohun tó kàn án níbẹ̀. Ẹ fún un ní ohun kan lórí kírétì òfìfo kọ̀ọ̀kan tó bá pé, kí ọkọ̀ tó gbé ọjà lọ sì jẹ́ ọkọ̀ tí yóò kó òfìfo bọ̀, kó má ṣe padà lófìfo.

Ní ti iye owó ìdógò, kí ó sún mọ́ owó ìgò gan-an. Èyí tó bá kéré jù, oníbàárà yóò ṣíjú kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọlọ́tí Jámánì gan-an ti ń ráhùn tipẹ́ pé sẹ́ǹtì 8 kò tó ra ìgò tuntun. Kí ẹ sì fi í sínú ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí gbèsè ni, owó onítọ̀hún ni, ọjọ́ tó bá gbé ìgò dé ni yóò gbà á. Mo ti rí oníṣòwò tó ná owó ìdógò bí èrè, tí ó wá ń sá fún àwọn oníbàárà tó gbé ìgò padà wá.

Ẹ má ṣe kó gbogbo ogún ṣọ́ọ̀bù wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú márùn-ún tó sún mọ́ yín jù, pàápàá àwọn tí àwọn ènìyàn ti ń dúró mu nǹkan níbẹ̀, kí ẹ lo ìwọ̀n ìgò kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́ta, kí ọmọ yín tó ṣiyèméjì yẹn sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: iye tó jáde, iye tó wọlé, iye tó fọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé yẹn ni yóò dáhùn ìbéèrè tí ẹ bi mí. Kí ẹ sì bi ọ́fíìsì NAFDAC léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ tó yí ohun tí ẹ ń di ọjà sí padà.

ÌBÉÈRÈ: Oyin àti àdín àgbọn ni èmi àti ìyàwó mi ń tà. Ọwọ́ àwọn tó ń ra ìgò kiri la ti ń ra ìgò ọtí àlòkù, ọṣẹ àti omi gbígbóná la sì fi ń fọ̀ ọ́. Oníbàárà kan dá ìgò oyin padà fún wa, ó ní òórùn kẹrosíìnì ń jáde nínú rẹ̀. Ìtìjú náà kò tíì kúrò lójú wa. Báwo la ṣe lè fọ ìgò tí ọkàn wa yóò fi balẹ̀? (Olóyin, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Oníbàárà yẹn ṣe yín lóore, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò ní í sọ ohunkóhun, wọn kò kàn ní í yà sọ́dọ̀ yín mọ́ ni.

Lọ́dọ̀ wa, ìgò kì í ní iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìgò ọtí tó kúrò nílé ìgbafẹ́ lè di ìgò kẹrosíìnì, kó di ìgò àgbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kó di òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ìyá tó ń ta òróró àti epo pupa ní ìgò kọ̀ọ̀kan lọ́jà, kó di ìgò ẹ̀pà yíyan lórí àtẹ, kó sì di ìgò bẹntiróòlù lẹ́bàá títì lọ́jọ́ tí epo bá wọ́n. Oògùn tí a fi ń pa kòkòrò lóko náà ń gbé inú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà wa tí kì í fi nǹkan ṣòfò, ṣùgbọ́n ìgò tí a kò mọ ibi tó ti rìn dé kò yẹ kó wọ inú iṣẹ́ oúnjẹ títà, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Gíláàsì kì í fa òórùn mu sínú ara rẹ̀. Ike ni ó dà bí ebòlò tí kò sí bí a ṣe ṣe é tí kò ní í rùn ìgbẹ́. Ohun tó rùn nínú ìgò oyin yín ni àṣẹ́kù kẹrosíìnì tó lẹ̀ mọ́ èjìká àti ìdí ìgò, níbi tí ọwọ́ kò dé. Apakòkòrò kì í sì í rùn ní gbogbo ìgbà, nítorí náà imú nìkan kò tó ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ ra ìgò tuntun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ sàmì sí i, kí ẹ gba owó ìdógò lórí rẹ̀ bí mo ti ṣàlàyé lókè, kí ó sì jẹ́ oyin àti àdín yín nìkan ni yóò máa wọ inú rẹ̀. Bí èyí tó padà bá ní òórùn tàbí àwọ̀ tí kì í ṣe ti ọjà yín, ẹ fún oníbàárà ní owó rẹ̀, kí ẹ sì yọ ìgò náà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ra àfọ́kù.

Ní ti fífọ̀ gan-an, mo ti ṣiṣẹ́ rí ní gbọ̀ngàn ìfọgò ilé iṣẹ́ ohun mímu kan, ohun tí ẹ̀rọ ńlá ibẹ̀ ń ṣe sì ni ẹ̀yin náà lè fi ọwọ́ ṣe ní kékeré. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló kọ́kọ́ ń kọjá nínú ìgò láti ṣí ìdọ̀tí nídìí. Lẹ́yìn náà ni ìgò yóò wọ inú omi kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, ní ìwọ̀n nǹkan bí 20 gíráàmù sí lítà omi kan, tí omi náà gbóná tó 60 sí 80°C, yóò sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Kọ́sítíìkì yìí ló ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ, tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, tó sì ń bó lébẹ́ẹ̀lì kúrò. Lẹ́yìn èyí ni omi mímọ́ yóò kọjá lára ìgò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, omi ìkẹyìn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ lè bù mu. Ẹ má ṣe gbé ìgò tútù sínú omi gbígbóná lójijì, nítorí bí ìyàtọ̀ ooru bá tó nǹkan bí 40°C, gíláàsì lásán lè sán. Ìgò sóbò gbígbóná náà ń fọ́ bẹ́ẹ̀.

Kọ́sítíìkì kì í ṣe ohun eré. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá àti awò tó bo ojú ni kí ẹ wọ̀, kọ́sítíìkì ni kí ẹ máa da sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé. Ẹ má sì lo ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, irú èyí tí a fi ń se àsè, nítorí yóò jẹ ẹ́, yóò sì máa tú gáàsì tó lè gbiná jáde. Ìkòkò onírin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Kí àwọn ọmọdé má ṣe sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìgò ti mọ́? Ẹ rọ omi mímọ́ kún un, kí ẹ dà á nù, kí ẹ sì gbé e dojú kọ ìmọ́lẹ̀ kíákíá. Bí omi tó ṣẹ́kù bá tẹ́ pẹrẹsẹ lára gíláàsì bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń ṣàn wálẹ̀ láìjá, ọ̀rá ti kúrò. Bí ó bá ń ṣù jọ ní ẹ̀kán ẹ̀kán, àdín ṣì wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sínú omi kọ́sítíìkì. Láti mọ̀ pé kọ́sítíìkì náà ti lọ, ẹ ra pépà lítímọ́ọ̀sì pupa lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ tì í bọ omi ìfọ̀kẹyìn. Bí ó bá di aró, ẹ tún un ṣàn. Ní gbọ̀ngàn tí mo wà, a máa ń jókòó sí iwájú pátákó funfun tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ìgò ń kọjá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa yọ èyí tó lábàwọ́n. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnì kan jókòó síbẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, nítorí ojú á rẹ̀, á sì máa wo àbàwọ́n láìrí i. Nítorí náà, bí ìyàwó yín bá ń wo ìgò, ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo èjìká àti ìdí ìgò pẹ̀lú. Ìgò tó ti rìn púpọ̀ máa ń ní òrùka funfun níbẹ̀, níbi tí ó ti ń ha ara àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kírétì. Òrùka tín-ín-rín kò léwu. Èyí tó bá ti fẹ̀, tó sì gún ọwọ́, ti sún mọ́ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹnu tó bá ṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má ṣe lò ó mọ́, nítorí gíláàsì tó bọ́ sínú oyin kì í hàn. Ìdérí tuntun ni kí ẹ lò ní gbogbo ìgbà, nítorí rọ́bà inú ìdérí tí a ti ṣí kì í dé tímọ́tímọ́ mọ́. Kí lébẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ pépà tí a fi lẹ́ẹ̀ tó ń yọ́ nínú omi lẹ̀, bí irú èyí tí a fi sítáàṣì ṣe. Ẹni tó bá lo lébẹ́ẹ̀lì ọ̀rá alálẹ̀mọ́ yóò fi èékánná ha á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

ÌBÉÈRÈ: Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ìgò wúwo ju ike lọ, ọkọ̀ tó ń gbé e sì ń jo epo. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń ti èéfín láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni? (Òǹkàwé, Lọ́ńdọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè tó yẹ ni. Ike onídàjì lítà tí a ń jù nù kò ju nǹkan bí 20 sí 25 gíráàmù lọ, ìgò gíláàsì onídàjì lítà tó lè gba ìnira fífọ̀ sì lé ní 300 gíráàmù. Bí ìgò bá jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ike ló borí. Bí ó bá ń padà léraléra, tí kò sì jìnnà, iná tí wọ́n fi yọ́ ọ yóò pín sórí gbogbo ìrìn rẹ̀, ìgò á wá borí. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹrù rẹ̀ yóò jẹ èrè náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ìyá oníyọ́gọ́ọ̀tì pé ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ọn ni kó fi bẹ̀rẹ̀, tí n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti máa kó ìgò láti Ìbàdàn lọ sí Kánò kó sì máa dúró de òfìfo.

Ìlú tí ẹ wà gan-an jẹ́rìí sí i. Ní àwọn ọdún 1970, inú ìgò ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàrà tí wọ́n ń mu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà. Onímílíìkì yóò fi ọkọ̀ oníbátìrì dé ẹnu ọ̀nà kan náà ní ìdájí, yóò gbé ìgò kíkún kalẹ̀, yóò sì gbé èyí tó ṣófo lọ. Ìgò náà padà nítorí pé ẹni tó gbé e wá kò yé wá sí ibẹ̀. Ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ara wọn lọ ra wàrà onike ní ilé ìtajà ńlá ni okùn náà já, kì í ṣe pé ìgò kò dára mọ́. Ní ti èyí tó bá fọ́, òun náà kì í ṣe òkú ẹrù. Beta Glass ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò ní Àgbárá ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta, bí wọ́n bá sì fi àfọ́kù ṣe ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń yọ́ ní irú ìléru bẹ́ẹ̀, iná tí wọ́n ń lò máa ń dín ní nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún.

ÌBÉÈRÈ: Oúnjẹ ni mo ń tà ní Ìkẹjà, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń rà á jù. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de abọ́ funfun (Styrofoam) tí a fi ń di oúnjẹ, mo ti ń lo páálí, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ń jò nínú rẹ̀. Ṣé mo lè máa fi abọ́ gíláàsì di oúnjẹ fún wọn? (Olóúnjẹ, Ìkẹjà)

ÌDÁHÙN: Arábìnrin, ẹ kú ìdúró ti iná. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde òfin tó lé abọ́ funfun yẹn kúrò, ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n sì nà án dé orí ife ike, ọ̀pá ìfamu àti ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́. Jámánì gba ọ̀nà mìíràn: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, ilé oúnjẹ tó bá ń fi ike di oúnjẹ fún àwọn tó ń gbé e lọ gbọ́dọ̀ ní abọ́ àlòtúnlò pẹ̀lú tí oníbàárà lè yàn, láìfi owó oúnjẹ kún un. Àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké bọ́ lọ́wọ́ èyí, bí wọ́n bá ṣáà ti gbà láti bu oúnjẹ sínú abọ́ tí oníbàárà mú wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ra ẹ̀wà àti ọbẹ̀ lọ́dọ̀ wa tipẹ́, kí ike tó dé.

Fún ìrẹsì, n kò ní sọ pé kí ẹ lo gíláàsì. Abọ́ irin tí kì í dípẹtà, tó ní ìdérí, fúyẹ́ jù ú lọ, kì í sì í fọ́ lórí ọ̀kadà. Ọbẹ̀ ni ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà dára fún: kì í jò, epo kì í pọ́n ọn lára bíi ti ike, oníbàárà sì ń rí ohun tó rà. Ẹ wá ṣọ́ra fún ohun méjì. Ẹ má ṣe bu ọbẹ̀ tó ń hó sínú ìgò tútù. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ yí inú rẹ̀ ká kí ó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu ọbẹ̀ sí i. Ẹ má sì rò pé ìgò tí a dé pa lè dá ọbẹ̀ dúró láìbàjẹ́; ọjọ́ náà ni kí wọ́n jẹ ẹ́, tàbí kí ó wọ inú fìríìjì.

Àǹfààní ńlá tí ẹ ní ni pé ọ́fíìsì kan náà, orí tábìlì kan náà, ni oúnjẹ yín ń dé lójoojúmọ́. Ẹ yan ọ́fíìsì méjì tí ẹ mọ àwọn ènìyàn ibẹ̀ dunjú, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí ara ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun gba ìgò Ọjọ́ Ajé kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní àjà wọn, kí orúkọ ẹni tí ìgò rẹ̀ kò tíì dé sì wà nínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú iye owó ìdógò tó fi sílẹ̀. Ogójì ìgò yóò tó fún ogún oníbàárà.